Ọmọ ológbò tuntun wọlé, àwọn àgbà ń bínú: kí ni ká ṣe?

Ìbéèrè láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì: "Ológbò méjì ló wà nílé mi. Akọ ti pé ọdún méje, a kò tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Abo tó ọdún márùn-ún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi gbé ọmọ ológbò kan bọ̀ láti oko nínú páálí, ó ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ méje. A gbé e kalẹ̀ sáàárín pálọ̀ kí wọ́n lè mọ ara wọn. Abo ṣe fùùù sí i, ó gbá a létí lẹ́ẹ̀mejì. Akọ gun àjà lọ, alẹ́ nìkan ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun. Aládùúgbò mi ní akọ máa pa ọmọ náà. Ẹlòmíràn ní kí n fi epo pupa pa gbogbo wọn lára kí òórùn wọn lè dọ́gba. Ṣé kí n dá a padà sóko ni?"

Màmá, ẹ má tíì dá a padà. Abo yín kò ṣìkà, akọ yín kò sì ya ojo. Àlejò tí wọn kò gbúròó rẹ̀ rí ló ṣàdédé jókòó sáàárín pálọ̀ wọn. Imú ni ológbò fi ń mọ ará ilé rẹ̀ ju ojú lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò ju ẹyọ kan lọ, bó tilẹ̀ gùn: ẹ jẹ́ kí imú àwọn àgbà gba ọmọ yìí ná, kí ojú wọn tó tún kàn án.

Ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ológbò, ní iwájú orí rẹ̀, ní ìdí ìrù àti ní àtẹ́lẹsẹ̀, ohun kan ń sun jáde lára awọ tó ní òórùn tí àwa èèyàn kò lè gbọ́. Bí ẹ bá rí i tí abo yín ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nu òpó ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ àga tàbí ojúgun yín, òórùn yẹn ló ń fi síbẹ̀. Bí òun àti akọ bá sì ń fara nu ara wọn, wọ́n ń po òórùn àwọn méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan ni. Òórùn ilé nìyẹn. Ó lágbára débi pé bí ọ̀kan nínú ológbò méjì tó jọ dàgbà bá lọ lo ọjọ́ kan péré lọ́dọ̀ dókítà ẹranko, tó sì gbé òórùn oògùn bọ̀, èkejì lè ṣe fùùù sí i bí ẹni tí kò rí i rí. Ọmọ tó ń run èéfín oko àti ìtọ̀ àwọn ológbò mìíràn ńkọ́?

Fùùù yẹn gan-an kò burú. "Dúró níbẹ̀, má sún mọ́ mi" ló ń sọ. Ológbò tó ń ṣe fùùù ń wá ọ̀nà tí kò fi ní jà. Bí ẹ bá nà án tàbí tí ẹ jágbe mọ́ ọn nítorí rẹ̀, ohun tó máa kọ́ ni pé ìgbàkígbà tí ọmọ yẹn bá wà nítòsí, ìyà ń jẹ òun. Lọ́jọ́ mìíràn, kò ní ṣe fùùù mọ́, á kàn fò mọ́ ọmọ náà ni.

Aládùúgbò yín kò parọ́ tán. Akọ ológbò tí a kò tẹ̀ lọ́dàá máa ń pa ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ nígbà mìíràn, pàápàá èyí tó kéré tí kò lè sá. Mi ò sọ pé tiyín máa ṣe é. Èyí tó gun àjà lọ ń yẹra fún wàhálà ni, ó sì sàn ju èyí tó jókòó tó tẹjú mọ́ ọmọ náà láìṣẹ́jú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ láìsí èèyàn nítòsí, kódà bí iyọ̀ lásán lẹ fẹ́ lọ rà. Kí ẹ sì mú akọ lọ tẹ̀ lọ́dàá. Ọdún méje kò pẹ́ jù, bí dókítà bá ti yẹ ara rẹ̀ wò tó rí i pé ó le. Wọ́n á fún un lóògùn oorun, iṣẹ́ náà kì í pẹ́, ó sì sábà máa ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ẹ rántí pé ó ṣì lè fún abo lóyún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Bí ọmọ tuntun yìí bá jẹ́ abo, ó lè lóyún láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí márùn-ún, kí ẹ tó mọ̀ pé ó ti dàgbà.

Ti epo pupa, mo bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò. Ológbò á lá a kúrò lára rẹ̀, inú rẹ̀ á sì ṣí. Ọmọ ọ̀sẹ̀ méje tí epo mú irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara, òtútù á mú un, nítorí irun gbígbẹ tó dúró ló ń bo ooru ara rẹ̀ mọ́. Bó bá bọ́ sí àsìkò tí ọyẹ́ ń fẹ́ gba orí àpáta Ìkẹ́rẹ́ wá lóru, ó lè má jí. Ẹ má wẹ̀ ẹ́ kí òórùn oko lè lọ, ohun kan náà ni.

Ọ̀sẹ̀ kan tó ti kọjá kò ba nǹkan jẹ́. Ẹ kàn tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá yàrá kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì, kì báà jẹ́ yàrá kótópó tí ẹ ń kó iṣu sí, bí kò bá ti sí oògùn eku tàbí kanfọ̀ níbẹ̀. Kí ó jìnnà díẹ̀ sí ibi tí ẹ ti ń gún iyán. Àwọn àgbà tó dàgbà sílé Èkìtì mọ̀ pé bí odó bá ti ń dún, ẹja ń bọ̀. Ọmọ yìí kò tíì mọ̀, ilẹ̀ tó ń mì tìtì á kàn máa dẹ́rù bà á. Ẹ dá páálí kan dùbúlẹ̀ fún un, kí ẹ tẹ́ aṣọ àtijọ́ sínú rẹ̀. Bí òtútù bá wà, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ike, ẹ dé e pinpin, ẹ fi aṣọ wé e nípọn, ẹ tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan páálí náà kí ọmọ lè kúrò lára rẹ̀ bí ó bá gbóná jù. Abọ́ yanrìn tó máa ṣu sí kò gbọ́dọ̀ ga ju ìka mẹ́ta lọ létí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní lè gùn ún. Yanrìn odò gbígbẹ dára, ẹ̀rún pákó láti sọ́mìlì náà dára bí kò bá ti kún fún eruku. Ẹ gbé e jìnnà sí oúnjẹ.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni kó lò níbẹ̀, ó kéré tán, kì í sì í ṣe torí ìjà nìkan. Ọmọ ológbò oko lè gbé làpálàpá wọlé, tàbí kòkòrò kéékèèké inú etí, tàbí àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fò nínú irun. Èyí tó burú jù ni àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní panleukopenia: ibà, èébì, ìgbẹ́ gbuuru tó lè ní ẹ̀jẹ̀, ọmọ sì lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kòkòrò àrùn yẹn lè wà lórí ilẹ̀ fún ọdún kan, ọṣẹ lásán kì í pa á. Jik ló ń pa á: ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ìdọ̀tí kúrò, ẹ fi omi ṣàn án dáadáa, kí ẹ wá po ìdajì ife Jik mọ́ ife omi mẹ́rìndínlógún, ẹ jẹ́ kó wà lórí ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tún fi omi ṣàn án kí ó gbẹ kí ọmọ tó padà síbẹ̀. Ẹ má da Jik lé ìtọ̀ tí a kò tíì fọ̀, èéfín rẹ̀ burú fún ẹ̀dọ̀fóró. Izal àti Dettol tí gbogbo wa fi ń nu ilé kò yẹ nílé ológbò rárá. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè fọ́ irú oògùn bẹ́ẹ̀ túútúú, ológbò náà sì máa ń tẹ̀ ẹ́, á wá lá ẹsẹ̀ rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀tápiàpíà àti oògùn eégbọn ajá: ẹ má fi kan ara rẹ̀. Ẹ fi àyaarí eléhín wẹ́wẹ́ ya irun rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ máa ri àyaarí náà sínú omi ọṣẹ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní yẹn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n á tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí ó fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Ti dìgbòlugi máa ń jẹ́ ní oṣù mẹ́ta. Bí àwọn àgbà kò bá ti gba tiwọn, ẹ kó wọn lọ pẹ̀lú. Ọmọ ológbò máa ń mu aràn mọ́ wàrà ìyá rẹ̀, torí náà á lo oògùn aràn ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì títí di oṣù mẹ́ta, ìwọ̀n ara rẹ̀ ni dókítà á sì fi wọn oògùn náà. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná: ọmọ ọ̀sẹ̀ méje sábà máa ń tó nǹkan bí 700 gíráàmù, ó sì yẹ kó máa fi nǹkan bí 100 gíráàmù kún un lọ́sẹ̀. Bí ó bá kéré sí bẹ́ẹ̀ gan-an, tí ehín ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì tíì yọ tán, ó ṣeé ṣe kí ó má tíì tó ọjọ́ orí tí ọmọ yín sọ.

Ọjọ́ orí yẹn ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Ọ̀dọ̀ ìyá àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni ọmọ ológbò ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bu ara wọn jẹ láìdunni, àti bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìkìlọ̀. Ó yẹ kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kódà kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó kúrò níbẹ̀. Tiyín tètè kúrò, torí náà àwọn àgbà ló máa parí ẹ̀kọ́ yẹn fún un. Ẹ retí ìgbájú díẹ̀.

Oúnjẹ rẹ̀ kò le: ẹja ṣáwá tí a bọ̀ nínú omi lásán, tí a yọ eegun rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, kí ẹ máa fi ẹran adìẹ tàbí ẹyin sísè paarọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá rí oúnjẹ ọmọ ológbò rà lọ́jà, ó sàn ju ẹja nìkan lọ. Ẹ yọ tiwọn sọ́tọ̀ kí ẹ tó fi àlùbọ́sà sínú ọbẹ̀, nítorí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, ti àgbà àti ti ọmọ. Wàrà inú agolo á ṣí i nínú. Omi ni kí ẹ fún un.

Bí ọmọ bá ti ń jẹun dáadáa, iṣẹ́ imú bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ òwú kan tó mọ́, tí kò ní òórùn ọṣẹ. Ẹ fi nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà jẹ́jẹ́, láti ẹ̀bá ẹnu lọ sáàárín ojú àti etí níbi tí irun ti fẹ́lẹ́. Ẹ gbé ìbọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀ ní bí ìṣísẹ̀ méjì sí ibi tí abo ń jẹun sí, kí ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ má gbé e sí i nímú. Ẹ dúró ní ọ̀ọ́kán kí ẹ máa wò ó: á na ọrùn nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà níbi tó wà, á gbọ́ òórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ẹnu rẹ̀ á wá là díẹ̀, ètè òkè á ká, á sì dúró bẹ́ẹ̀ gbagidi fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ń bínú. Ihò tóótòòtó méjì wà ní àjà ẹnu rẹ̀, lẹ́yìn ehín iwájú, tó ń fi òórùn ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ó ń ka ọmọ náà ni. Bí ó bá ṣe fùùù sí ìbọ̀sẹ̀, ẹ sún un sẹ́yìn. Bí ó bá ti ń jẹun láìbìkítà fún un, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ abọ́ oúnjẹ rẹ̀. Ẹ ṣe bákan náà fún akọ, kí ẹ sì fi òórùn àwọn méjèèjì ránṣẹ́ sí ọmọ nínú yàrá. Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lèyí máa ń gbà.

Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n máa jẹun ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kan náà, ọmọ nínú, àgbà níta, ilẹ̀kùn wà ní títì. Ẹ gbé abọ́ kọ̀ọ̀kan jìnnà tó ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí ilẹ̀kùn, kí ẹ máa sún un síwájú ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan fún oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Bí àgbà bá fi oúnjẹ sílẹ̀ tó lọ ń wo abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ ti yá jù. Ẹ dá abọ́ padà sí ibi tó ti jẹ gbẹ̀yìn láìsí wàhálà. Ìkánjú ibí yìí ló ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́: ìjà kan ṣoṣo tó le lè dá wọn padà sẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé, tí ara ọmọ sì le, ẹ jẹ́ kó jáde wá rìn nínú pálọ̀ fún bí ìdajì wákàtí nígbà tí àwọn àgbà bá wà nínú yàrá rẹ̀ tàbí níta. Á fi ara nu àga yín, òórùn rẹ̀ á bọ́ sínú òórùn ilé. Bí ilé yín bá ní ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni kí ojú wọn ti kọ́kọ́ kan ara wọn, pẹ̀lú oúnjẹ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ìpàdé gidi, abo nìkan ni kó kọ́kọ́ ṣe é. Akọ dúró di ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bá ọmọ ṣeré kí ó rẹ̀ ẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ tí a fi okùn so mọ́ orí igi. Ìdí ni pé fífò mọ́ ìrù àgbà tó ń sùn ló ń bí àwọn àgbà nínú jù. (Ẹ kó okùn náà pamọ́ lẹ́yìn eré. Bí ó bá gbé e mì, ó lè ká ìfun rẹ̀ jọ.) Ẹ jẹ́ kí ó yó, kí abo náà yó. Ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ẹ sì parí rẹ̀ nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ má gbé ọmọ mọ́ra lọ bá àgbà, ẹ má sì di àgbà mú: èyí tí kò rí ọ̀nà sá ló ń jà.

Bí abo bá gbá a, ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìgbájú ẹ̀kọ́ máa ń yá, ẹyọ kan tàbí méjì, èékánná wà nínú, irun kankan kò fò. Ọmọ á fò sẹ́yìn tàbí kó dọ̀bálẹ̀, àgbà á sì yíjú sí ibòmíràn. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Ìjà yàtọ̀: etí àgbà lẹ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́ mọ́ orí, ẹyinjú dúdú fẹ̀, ìrù ń na ilẹ̀, kò ṣẹ́jú, bí ọmọ bá sì ti sá, ó tún ń lépa rẹ̀ wọ abẹ́ àga. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ ti páálí pẹlẹbẹ kan bọ àárín wọn, kí ẹ darí àgbà jáde. Ẹ má fi ọwọ́ yà wọ́n. Bí ológbò bá bù yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ kọrí sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, pàápàá bí kò bá tíì gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi.

Ogun kan tún wà tí kò ní ariwo. Àgbà á kàn na ara rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà tó lọ sí abọ́ yanrìn, kò ṣe fùùù, kò gbọ́wọ́, ó kàn ń wo ọmọ. Ẹ ó rò pé ó ń sinmi, ọmọ á sì máa tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì yín. Ohun tó ń wo èyí sàn ni kí nǹkan pọ̀ tó, kó sì wà káàkiri. Fún ológbò mẹ́ta, abọ́ yanrìn mẹ́rin, tí kò sí ní ojú kan. Abọ́ oúnjẹ ní ibi mẹ́ta tí ọ̀kan kò ti ní rí èkejì. Fún àwọn àgbà, orí kọ́bọ́ọ̀dù tàbí pákó gíga tí ọmọ kò lè gùn. Fún ọmọ, páálí tí ẹ gé ihò kékeré sí lára, tí òun nìkan lè gbà wọlé. Àga méjì tó bá jẹ́ tiwọn tẹ́lẹ̀, ẹ má jẹ́ kó di tọmọ. Àwọn àgbà ni kí ẹ máa kọ́kọ́ fún lóúnjẹ, àwọn ni kí ẹ sì kọ́kọ́ kí bí ẹ bá ti ọjà dé.

Ẹ máa ṣọ́ ara akọ yín gidigidi. Ìdààmú máa ń mú kí àpò ìtọ̀ ológbò wú. Bí ẹ bá rí i tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ibi ìtọ̀, tó lóṣòó, tó ń rún ara, tí omi kò jáde tàbí tó ń kán tó-tó, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà: ìtọ̀ tó dí lè pa akọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ má fún un ní paracetamol, májèlé ni fún ológbò. Àgbà èyíkéyìí tó bá kọ oúnjẹ fún ọjọ́ méjì náà gbọ́dọ̀ rí dókítà, pàápàá èyí tó sanra, nítorí ọ̀rá lè bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ti ọmọ, ọjọ́ kan péré láìjẹun ti pọ̀ jù.

Ìgbà tó máa gbà kò dọ́gba. Àwọn kan á ti máa jẹun pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn kan á lo oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀. Kò pọn dandan kí wọ́n sùn lórí ẹní kan náà. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá lè wà ní pálọ̀ kan, tí oníkálukú wà ní igun tirẹ̀, tó ń jẹun, tó ń sùn, ilé ti rójú nìyẹn. Bí ẹ bá sì ti ṣe gbogbo èyí fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ṣì ń dọdẹ ọmọ náà, ẹ wá ilé tí kò ní ológbò àgbà fún un, lọ́dọ̀ ẹni tó máa parí abẹ́rẹ́ rẹ̀. Oko kọ́: kò ní rí ìyá rẹ̀ níbẹ̀ mọ́, àwọn akọ tí a kò tẹ̀ lọ́dàá sì wà níbẹ̀ tí kò sí ẹni tó máa ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.